Alárinà Gáàsì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í gbàgbé ẹni tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ kẹ́mísírì ló ń ṣe ní yàrá ìwádìí kan. Òfin ọ̀gá wọn ni pé ẹni tó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni yóò fọ gbogbo ìgò lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òun fẹ́ so sẹ́nọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ gáàsì mìíràn. Sẹ́nọ́ọ̀nù kẹ̀! Gáàsì agbéraga tí gbogbo ìwé ní kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe!

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wo alárinà gáàsì! Ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó? Lọ fọ ìgò, jàre.”

Ó ti sẹ́nọ́ọ̀nù mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lára.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìròyìn dé pé ẹlòmíràn ti ṣe é níbòmíràn. Òun ni ìbá kọ́kọ́ ṣe é! Kò sunkún. Ó sọ fún ìyá mi pé, “Ọ̀gá wa yẹn á fọ ìgò lójú gbogbo ayé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe bàbá wa ló bí mi.”

Àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ ní kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dán an wò, ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Gáàsì pupa kan, tí wọ́n fi irin iyebíye pilatínọ́ọ̀mù àti gáàsì fuloríìnì ṣe, wà lápá kan ìgò. Sẹ́nọ́ọ̀nù wà lápá kejì. Gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là wọ́n láàárín. Ó fọ́ gíláàsì náà. Ẹ̀yin èèyàn mi! Pupa parẹ́, ìyẹ̀fun bí àwọ̀ ọsàn pípọ́n bo inú ìgò!

Ọ̀gá yínmú. “Eruku lásán.”

“Ó dáa, sà. Ẹ bomi sí i, kí ẹ fìka nù ún. Bó bá jẹ́ eruku, n ó máa fọ ìgò títí n ó fi fẹ̀yìn tì.”

Ọ̀gá ṣí omi. Ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. Ó mọ̀ dájú pé bí gáàsì méjèèjì bá ti so pọ̀ lóòótọ́, omi á sọ ìyẹ̀fun yẹn di ásíìdì tó ń jẹ ẹran ara dé egungun.

“Ìbọ̀wọ́ mi dà?”

Yàrá dàrú fẹ́rìn-ín. “Ìbọ̀wọ́ fún eruku, ọ̀gá?”

Òfin ọ̀gá mú ọ̀gá fúnra rẹ̀: ó fọ ìgò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sórí àga ọ̀gá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

“Ẹ fọ ìdí ẹ̀ dáadáa, sà. Alárinà ń wò yín.”