Àpò Àǹtí Olùkọ́

"Ohun tí o kò bá mọ̀ ọ́n lò, má gbé e dání."

Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin nìyẹn, olùkọ́ ní Òkè-Ìlá. Ọ̀bẹ olójú mẹ́fà tí mo rà fún un láti Èkó, ilé ló ń gbé. Tọ́ọ̀ṣì, omi àti aṣọ funfun tó mọ́ ló máa ń wà nínú àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí à ń lọ sí Ìlá, ọ̀kadà wa ṣubú, irin sì ya ọlọ́kadà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àǹtí tẹ aṣọ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó dì í gírígírí.

"Ẹ má sùn o. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní aṣọ yẹn ló gba ẹ̀mí ọkùnrin náà là. Ìgbà yẹn ni Àǹtí tó jókòó, tó bú sẹ́kún.