Ìdúpẹ́ Tó Ṣáájú Àyẹ̀wò

Àárẹ̀ ti mú Bímbọ́lá pátápátá. Àkúrẹ́ ló ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù kan náà sì ni èmi àti ẹ̀ jọ ń lò. Bàbá rẹ̀, Reuben Akínbọ̀wálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló wà ní Oǹdó tí jẹjẹrẹ mú un ní ẹ̀dọ̀. Léraléra ni Bímbọ́lá ń wọkọ̀ lọ mú un dé ọsibítù fún ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí àwọn aláìsàn kàn ń pè ní iná. Bó bá padà dé, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń sùn sí. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi "ẹ kú ìtọ́jú Bàbá" ránṣẹ́ sórí fóònù. Inú máa ń bí mi sí wọn.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni Dókítà Hameedat ti làdí ọ̀rọ̀. Iná náà yóò jó kókó inú ẹ̀dọ̀, àmọ́ yóò kan ibi tó dára náà. Wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ Bàbá, wọ́n ti ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀: ibi tó dára tó bá kù lè gbé e, ó sì lè má gbé e.

"Lẹ́yìn iná ni ẹ̀dọ̀ sábà máa ń bàjẹ́," ló wí, "nígbà tí èèyàn bá rò pé ara òun ti ń yá. Ẹ mú wọn padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Òun ló máa jẹ́ ká mọ̀ bóyá Bàbá á pẹ́."

Nígbà tí iná parí, àwòrán fi hàn pé kókó ti súnkì. Bàbá ò dúró gbọ́ ìyókù. Lọ́jọ́ ìkórè, ó kó ẹbí sẹ́yìn, ó jó dé iwájú pẹpẹ, ó ní Ọlọ́run ti wo òun sàn. Ìjọ pariwo halelúyà. Ọjọ́ kejì ni àyẹ̀wò. Bímbọ́lá dé ilé Bàbá láti mú un lọ, ó bá a tó jókòó jẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ múra.

"Ọma mi, mo ti dúpẹ́ níwájú ìjọ. Kí n tún wá máa lọ wádìí? Kí ni mo wá dúpẹ́ fún?"

Ó yẹ kí Bímbọ́lá bá a jà. Kò jà. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn pé òun ráyè sinmi, ó padà sílé, ó sì sùn. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ máa wọ mọ́tò yẹn fún oṣù kan.

Bàbá gbádùn fúngbà díẹ̀. Ó ń jẹ iyán, ó ń kọrin ní kọ́áyà. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ wú, wọ́n bá padà sí ọsibítù. Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì pe Bímbọ́lá síta. Ẹ̀dọ̀ náà ò gbé e. Bàbá lè má rí Kérésì.

"Dókítà, ká ní a wá lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀ bá tètè mọ̀. Àmọ́ a ò ní oògùn tó ń dá irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ padà."

Bímbọ́lá sunkún níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni tàbí ìtura.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Bàbá yíjú sí Bímbọ́lá.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní ká padà wá fún àyẹ̀wò?" ló bi í. "Mi ò ní kọ̀ mọ́."

Dókítà ò dá ọjọ́ kankan.

"Wọ́n á pè wá, Bàbá," ni Bímbọ́lá wí.