Onílé Mẹ́rin, Àlejò Mẹ́ta

Ogún ọdún ni Vendelín Hrubeš fi ṣọ́ pápá yìnyín ìlú Lipovec. Òun ló ń da omi sílẹ̀ kó lè dì, òun ló ń fa ilà pupa, òun náà ló ń gun àkàbà lọ gbé nọ́ńbà onípákó kọ́ sára pátákó nígbàkigbà tí ayò bá wọlé. Ìlú ahunṣọ ni Lipovec, wọ́n sì ti ń gbá họ́kì lórí adágún ibẹ̀ kí bàbá Vendelín tó gbéyàwó. Àṣà wọn ni pé ayò ìdíje ìkẹyìn kì í kúrò lára pátákó títí yìnyín adágún á fi yọ́.

Lọ́dún 1969, ìdíje ìkẹyìn láàárín Lipovec àti ìlú Březí parí sí mẹ́rin sí mẹ́ta. Vendelín fi í síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn na àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì nínú họ́kì, mẹ́rin sí mẹ́ta! Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì kan náà tí ọkọ̀ ogun wọn wọ orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kẹjọ ọdún tó ṣáájú, tí wọn ò tíì lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ń ṣí fìlà fún pátákó Vendelín.

Radka, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń dúró de lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ẹ̀sùn kékeré sì tó láti ba tirẹ̀ jẹ́. Vendelín gbé àkàbà, ó sáré lọ láti yọ nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Kọ́múréèdì Hrubeš, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kà á."

"Onílé mẹ́rin... Àlejò mẹ́ta."

"Ta wá lẹ̀ ń pè ní àlejò?"

Vendelín gbé àkàbà sílẹ̀. "Àwọn ará Březí ni, kọ́múréèdì! Ẹ bi gbogbo ìlú. Àlejò gidi ni wọ́n: wọ́n wá, wọ́n gbá tiwọn, wọ́n sì padà sílé wọn kílẹ̀ tó ṣú."

Ẹyin lohùn. Ìgbà tó jábọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Wọ́n padà sílé wọn," ọkùnrin náà ń wí bó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá."

Ní oṣù kẹfà, lẹ́tà dé: kò sí àyè fún Radka. Vendelín jókòó síwájú ọmọ rẹ̀ nídìí tábìlì, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Ẹnu mi ló kó bá ọ."

"Bàbá, irọ́ wo lẹ pa? Ṣebí àlejò kì í—"

Vendelín sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó sì ń wo fèrèsé.