Ẹ̀rọ Tí Bàbá Mi So Rọ̀ Sórí Igi Máńgòrò

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ni bàbá mi fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Fítà ni wọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Nígbà tí wọ́n wá jókòó sílé wa ní Kemta láìsí nǹkan tí ọwọ́ wọn ń tú, ara wọn kò balẹ̀. Ìyá mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, sọ fún mi pé, "Bàbá rẹ ti tún gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí ṣe tán. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ògiri."

Ojú ọ̀run ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n rí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ní Ṣàpọ́n, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti kà pé àwọn kan lókè òkun ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi máa rìn láàárín ìràwọ̀ láì tu èéfín tàbí iná kankan sẹ́yìn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀, epo ló ń jó. Ohun tó ń tú jáde nídìí rẹ̀ ló ń tì í lọ. Epo tán, agbára tán. Àwọn wọ̀nyí ní bí irin wúwo bá ń yí lọ́nà kan pàtó nínú ọkọ̀, yíyí yẹn nìkan tó láti gbé e lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní irọ́ ni. Bàbá mi pa ìwé náà dé, wọ́n ní, "Àwọn tó ní irọ́ ni yìí, ta ni nínú wọn tó ti mú sípánà dání rí?"

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi kan tiwọn. Wọ́n gbé àgbá irin kékeré méjì sórí pákó kan, wọ́n de òjé mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi ẹ̀rọ tó ń yí wáípà ojú ọkọ̀ máa yí wọn. Wọ́n fi táyà kéékèèké mẹ́rin sábẹ́ pákó náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń yí àwọn yẹn. Iná ń gba inú wáyà gígùn kan wá láti ara bátìrì ọkọ̀ tó wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé e sórí símẹ́ńtì àgbàlá, wọ́n so wáyà. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ó kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń fi ìdí wọ́. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Bàbá mi kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi, nítorí físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé.

"Tíṣà, o ò sọ nǹkan kan."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ló ń tì. Ẹni tó ń rìn, ilẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tì. Ẹni tó ń tu ọkọ̀, omi ló ń fi àjẹ̀ tì sẹ́yìn. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí ilẹ̀, kò sí omi."

Télọ̀ tó wà nílé kejì sí wa mi orí. Ó ní, "Ẹ rí i, Bàbá, ẹ rán an lọ sí yunifásítì, ó wá ń bá yín jiyàn níwájú àlejò."

Ojú tì mí. Bàbá mi palẹ̀ ẹ̀rọ wọn mọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n pè mí.

"Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló ń tì, a ó gbé e kúrò nílẹ̀. Màá so ó rọ̀ sórí igi máńgòrò. Bó bá ní agbára tirẹ̀, okùn yóò tẹ̀ síwájú, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ní, yóò kàn máa gbọ̀n lójú kan. Àbí báwo lo ṣe rí i?"

Mo ní kò sí ìdánwò tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Sátidé tún dé, èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi ta okùn kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n so òkúta mọ́ ọn nídìí, kí a lè fi wé ti ẹ̀rọ. Wọ́n so wáyà. Ẹ̀rọ gbọ̀n lókè, lẹ́yìn náà ni okùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú tó ìbú ìka kan. Ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ariwo ta. Télọ̀ bi mí pé, "Tíṣà, kí lo tún fẹ́ wí?" Kí n má parọ́, inú mi ń dùn. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí bàbá mi.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa ẹ̀rọ. "Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jẹ́ kí n yí ojú rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ òun ló ń gbé ara rẹ̀ lọ, apá kejì ni yóò tẹ̀ sí."

Wọ́n yí i padà, wọ́n tún tan án. Apá tó tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ náà ló tún tẹ̀ sí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan wáyà tó ti ara bátìrì wá. "Wáyà yìí ni. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n ni wáyà ń sọ̀ sílẹ̀, ó sì ń fà á sọ́dọ̀ bátìrì."

Èmi tí mo kàwé rẹ̀ kò rí i. Bí wọ́n bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀.

Télọ̀ ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la rí i pé ó lọ."

Bàbá mi dáhùn pé, "Bíréèkì ọkọ̀ ojú irin ni mo fi ọwọ́ yìí tún ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí kò bá dúró, a kì í sọ pé ó dúró."

Wọ́n gé wáyà náà. Wọ́n to bátìrì tọ́ọ̀ṣì jọ, wọ́n dè é mọ́ orí pákó, kí ẹ̀rọ má bàa ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ kí bàbá mi tó ṣe tán. Wọ́n tan án. Okùn méjèèjì rí bákan náà, wọ́n dúró ṣánṣán. Ẹ̀rọ kàn ń gbọ̀n ni.

"Kò lọ," ni bàbá mi wí, ketekete, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Mo ti rí wọn nínú aṣọ àríyá, mo ti rí wọn lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ wọn dá wọn lọ́lá. Kò sí ọjọ́ tí orí mi wú nítorí wọn bí ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a ń jẹun, mo bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin." Ìyá mi fi ẹran kún ọbẹ̀ wọn.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo rò pé wọn kò ní gbà, àmọ́ wọ́n wọ aṣọ kakí iṣẹ́ wọn tí ìyá mi ti lọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé èjìká, wọ́n bá mi lọ. Kíláàsì àwọn ọmọbìnrin ni. Bàbá mi kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Wọ́n ṣe ti ilẹ̀, wọ́n ṣe ti okùn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ohun tó ń fà á. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló nawọ́ sí wáyà.

Òun náà ló béèrè pé, "Bàbá, ṣé kò lè ṣeé ṣe láéláé nìyẹn?"

Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Tíṣà yín ní kò lè ṣeé ṣe, mo sì gbà á gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ojú mi rí ni pé tèmi kò ṣe é. Bí ẹlòmíràn bá gbé tirẹ̀ wá, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹ ní kó so ó rọ̀, kí ẹ sì gé wáyà rẹ̀."

Ọ̀gá ilé ìwé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè máa wá lọ́jọ́bọ̀, nítorí ìdajì ohun èlò yàrá ìdánwò wa ló ti bàjẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń lọ, títí ojú wọn kò fi ríran dáadáa mọ́. Wọ́n tún àwọn ohun èlò náà ṣe, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa bí a ṣe ń di sípánà mú. Ọmọ tó nawọ́ sí wáyà yẹn di ẹnjiníà.

Ní gbogbo ọdún yẹn ní Ìtòkú, bí oníbàárà bá béèrè bàbá mi lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́bọ̀, ìyá mi yóò ká aṣọ tó ń nà sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ná, yóò sì gbóhùn sókè díẹ̀ kí ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì lè gbọ́: "Wọ́n wà ní ilé ìwé. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì."