Adẹ́mu Nínú Ọgbà Jessica

Ọdún kọkànlélógójì rèé tí Bọ́dúnrìn ti ń gun ọ̀pẹ n'Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le ju bàtà ẹlòmíràn lọ, igbà sì ti ha ìbàdí rẹ̀ títí ibẹ̀ fi dúdú. Ẹmu rẹ̀ kò dójú tì í rí. Bó bá gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ níwájú oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fẹ́ ìfófó kúrò lórí ife, tí yóò mu díẹ̀, kó tó nawọ́ rẹ̀ sí ẹlòmíràn. Bí baba rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó dá ẹmu ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn ẹni tó fẹ́ mu ún lè balẹ̀. Ẹmu yìí náà ló fi rán Ayọ̀fẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, níléèwé títí tó fi di tíṣà l'Áyépé.

Tíṣà yìí ló wá bá a lọ́jọ́ Jímọ̀ kan.

“Bàámi, bàbá Tọ́pẹ́ fẹ́ rí yín lọ́la n'Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n tó wá tọrọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé adẹ́mu ni yín. Mo ti ní iṣẹ́ oko lẹ ń ṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ́dúnrìn wọ egungun. Àmọ́ ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé wákàtí kan péré ni òun máa fi pa ẹnu mọ́ kí ọmọ òun lè rílé ọkọ lọ, kí ló le níbẹ̀? Ó ní òun ti gbọ́.

Ọgbà Jessica ni bàbá Tọ́pẹ́ ní kí wọ́n ti pàdé. Ilé ọtí lásán ni, àsọdùn ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi koríko oníike tẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń tan iná aláràbarà sára igi lọ́sàn-án gangan, wọ́n wá ń ta bíà tí gbogbo ayé ń mu bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n ti gbé e wá. Jessica tó ni ibẹ̀ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kì í wo ojú àlejò. Bàtà ló ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ohun tó gbé onítọ̀hún wá.

Ọ̀kadà ló gbé Bọ́dúnrìn wá. Gínì tuntun ló wọ̀, fìlà rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó ti ń gun ọ̀pẹ láti ọdún gbọọrọ kì í gba bàtà mìíràn. Ó jókòó sábẹ́ igi.

“Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn!” Jessica pariwo. “Àwọn èèyàn pàtàkì ló ń jókòó síbẹ̀.”

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí, láàárín jẹnẹrétọ̀ àti ẹnu ilé ìgbẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé bíà tútù wá. “Ó ń bọ̀,” ni ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí kiri wí. Kò bọ̀. Àwọn ọkùnrin kan fi jíìpù dé, kí wọ́n tó jókòó, ẹran ti dé iwájú wọn. Bọ́dúnrìn pe ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi etí palaba gbọ́ ọ. Nígbà tí bíà ọ̀hún yóò fi dé, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ìtọ̀. Bọ́dúnrìn wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jí ẹmu mu lórí ọ̀pẹ ní ẹ̀kọ́ ilé jù wọ́n lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Odùsànyà, bàbá Tọ́pẹ́, dé níkẹyìn. Ó ti ṣe ọ̀gá ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú kó tó fẹ̀yìn tì, mọ́tò rẹ̀ sì ń dán. Kí ó tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, Jessica ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí Odùsànyà ní àna òun ni bàbá tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn, ojú obìnrin náà yí padà.

“Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ mà ò sọ̀rọ̀,” ló wí, bí ẹni pé Bọ́dúnrìn ló ṣẹ̀.

Wọ́n gbé e padà sábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Odùsànyà béèrè oko, Bọ́dúnrìn sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó ń rọra yẹra fún ọ̀pẹ. Ó kù díẹ̀ kí wákàtí kan pé.

Ni Jessica bá gbé kẹ́ẹ̀gì kan jáde. “Sà, ẹmu Ìmùṣin rèé, ògidì! Àárọ̀ yìí ló dé.” Ó bu ife kan, ó gbé e síwájú Odùsànyà.

Bọ́dúnrìn rí àkísà pupa tó wà lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì. Òun ló so ó mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọlọ́kadà ló máa ń bá a gbé ẹmu wá sígboro, Bọ́dúnrìn kò mọ̀ rárá pé ibí ló ń gbé e wá. Ẹmu rẹ̀ rèé níwájú àlejò, ẹnìkan ò sì tíì tọ́ ọ wò. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọdún mọ́kànlélógójì nà, ó mú ife náà, ó fẹ́ ìfófó kúrò, ó mu ún.

“Háà! Lèsí gbé e fún yín?” Jessica figbe ta. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mutí nílé yín ni?”

Bọ́dúnrìn kò gbọ́ ọ. Ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sórí koríko oníike.

“Omi! Omi àti sakarín! Màdáámú, ẹmu tí mo gbé sọ̀ lórí ọ̀pẹ láàárọ̀ kọ́ lẹ bù yìí.”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ó rántí ẹ̀bẹ̀ Ayọ̀fẹ́. Ó wo ojú àna rẹ̀. Odùsànyà kò wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò wo Jessica. Ọ̀dọ̀ àwọn oníjíìpù ló ń wò. Ó rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, Bàbá Ayọ̀fẹ́,” ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi ni wọ́n, ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí kó jọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé adẹ́mu ni àna mi.”

Lẹ́yìn náà ló mú ife omi ọ̀hún, ó gbé e mì, ó sì rẹ́rìn-ín sí Jessica. “Ó dùn, Màdáámú.”

Ẹ̀rù tí Bọ́dúnrìn gbé wá láti Ìmùṣin kúrò lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí òun torí rẹ̀ sẹ́ iṣẹ́ baba òun rèé! Àgbàlagbà tó ń mu sakarín, tó ń ní ó dùn, kí obìnrin ọlọ́tí má baà fajú ro! Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ ṣé o, Alàgbà. Mo ti mọ irú ilé tí ilé yín jẹ́.”

Nígbà tó padà dé Ìmùṣin, Ayọ̀fẹ́ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. “Bàámi, ṣé wọ́n gbà yín tayọ̀tayọ̀?”

“Ẹnu ilé ìgbẹ́ ni àwọn ọlọ́tí gbé àga mi sí. Èyí ò dùn mí, mi ò ní ọmọ láti fún wọn. Nígbà tí bàbá Tọ́pẹ́ gbọ́ pé adẹ́mu ni mí, òun náà fa àga tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnu mi ló tú àṣírí náà, má bínú. Ó kù sọ́wọ́ rẹ, Tíṣà. Àmọ́ bó o bá fẹ́ wọ ilé yẹn, kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n máa gbé àga rẹ sí.”

Ayọ̀fẹ́ wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì baba rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ tó ti di tíṣà, kò fọwọ́ kan ẹmu mọ́. Ó bu ife kan, ó fẹ́ ìfófó orí rẹ̀, ó kọ́kọ́ mu, ó wá kúnlẹ̀ gbé e fún baba rẹ̀.