Ẹni Tó Ní Kí N Ká Kajú Mi Tán

"Màámá, ẹ má tíì wá. Ẹ ká kajú yín tán ná. Dókítà ní ara mi ń yá, pé èmi fúnra mi ni màá wá bá yín nílé."

Ohùn Élisabeth ọmọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn, lórí fóònù. Abẹ́ igi kajú ni mo wà lójú ọ̀nà Ofè, apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi iṣu pamọ́ de òun. Mo bá ń ká kajú mi lọ. Ìgbà tí wọ́n tún pè mí láti Kútọnu, ilé òkú ni wọ́n ti ń pè.

Dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un kì í ṣe àjèjì. Célestin ni, ọmọ Bàbá Kọ́ládé tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀ níbí láyé ọjọ́un. A jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ díẹ̀. Bàbá mi yọ mí kúrò kí n tó mọ ìwé kọ dáadáa, torí iṣẹ́ oko. Bàbá tirẹ̀ jẹ́ kó máa kàwé lọ. Ó kàwé, ó kàwé, ó dé ìlú òyìnbó, ó padà, ó di ọ̀gá láàárín àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Nígbà tí kókó yọ sí ọmú Élisabeth, èmi ni mo sọ fún Jean-Baptiste ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ gbé e lọ bá Célestin. Ọmọ ilé wa ni."

Ọmọ ilé wa náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó kọ́ ilé funfun sí ìsàlẹ̀ òkè, ó to àga sábẹ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á lọ jókòó tì í, òun á máa ròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn fún wọn, á máa fi ìka gbọn eruku tí kò sí lára ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ sí Faransé, òun kò lọ. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ó máa ń ra oògùn fún aláìní. Ó lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n tún ní onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni. Ìyẹn ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ Laure lọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Élisabeth fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbé, iwájú ilé mi ló sì ń gbà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kì í kí mi. Lọ́jọ́ tí mo dá a dúró pé mo gún iyán dè é, ó ní, "Ìyá mi wà lórí ibùsùn, ó ń pe orúkọ yín. Oko kajú lẹ wà. Ẹ padà síbẹ̀." Mo sọ fún un pé dókítà ló dá mi dúró. Ó ní irọ́ ni, pé bàbá òun ní kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo bá Célestin lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín wọn. "Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́," ó ń wí, "mi ò sọ fún aláìsàn kankan rí pé ó máa kú. Láéláé! Ọkọ ni mo máa ń pè síta. Bí kò bá sí ọkọ, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Mo sọ fún un, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó parí. Aláìsàn á máa rẹ́rìn-ín títí."

"Ọgbọ́n gidi nìyẹn!" ni tíṣà kan wí.

Mo ní, "Dókítà, ìyá ńkọ́?"

Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín. "Áà, Àbẹ̀ní! Ẹ káàbọ̀. Ìyá kẹ̀? Ìyá máa ń ké ni. Bí ìyá bá ti wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, aláìsàn ti mọ̀ nìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí Élisabeth sọ fún mi pé kí n ká kajú mi tán."

Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Élisabeth. Ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé."

"Òun ni."

"Ó bi mí pé ṣé kí òun ránṣẹ́ pè yín. Bí ẹ bá wá, á yé e. Mo fẹ́ kó máa sùn dáadáa ni. Mo sì ti sọ fún ọkọ rẹ̀."

"Ọkọ rẹ̀ kò sọ fún mi."

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi."

Ọ̀wọ̀ tí mo gbé wá bá a bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. "Célestin, ọmọ Élisabeth ń kọjá níwájú ilé rẹ láràárọ̀. Dá a dúró lọ́la, kó o sọ èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí fún un. Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan míì."

Tíṣà yẹn ní, "Màámá, ẹ rọra, àgbà ni wọ́n."

"Àgbà ta ni? Èmi ni mo máa ń nu ikun imú rẹ̀ ní kíláàsì."

Ìyàwó Célestin, Brigitte, ti jáde láti ilé ìdáná. Òun ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Christian," ó ní fún ọkọ rẹ̀, "ẹ kúkú sọ ọ́ fún ọmọ náà."

Ohùn Célestin wá lọ sílẹ̀. "Bí mo bá sọ fún ọ̀kan, ta ni yóò dá àwọn tó kù dúró? Ṣé ẹ mọ iye ìyá tí mo ní kí wọ́n jókòó sílé?"

Ìgbà náà ni mo rí i pé ó ti darúgbó. Mo wá àánú rẹ̀ nínú ara mi, mi ò rí i.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ó ní.

Mo ní, "O ò jẹ́ kí Élisabeth rò ó."

Mo bá jáde.

Kajú ti tán lóko báyìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, Laure á gba iwájú ilé funfun yẹn, á gba iwájú ilé mi. Bí ó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Célestin á dìde kúrò lábẹ́ máńgòrò, á wọlé. Brigitte sọ fún mi lọ́jà pé ó ṣì ń rò ó.

Kò tíì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.