Yàrá Tí Oyèlékè Kò Rí Wọ̀

Ọjọ́ ìbò ẹgbẹ́ wọn, inú Olúyẹ́misí dùn débi pé ó jó nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ sì ń wò ó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Olúyẹ́misí ní Àkúrẹ́, Ọ̀bà-Ilé ló ń gbé. Òun ló kó àwọn méjìlélógún jọ lórí ayélujára tí wọ́n ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń ṣírò máàkì. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀, ìbéèrè àárọ̀ á ti rì mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n nílò ibi tuntun lórí ayélujára tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti ní yàrá tirẹ̀.

Olúyẹ́misí rí ọ̀kan tó rẹwà bíi pálọ̀ ìyàwó tuntun. Ó pè wọ́n síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dìbò bóyá kí wọ́n kó wá síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó dìbò ló ní ó dára, wọ́n sì ti ibi àtijọ́ pa.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, Oyèlékè ò fọhùn. Olùkọ́ ìṣirò ni ní Oǹdó, òun ló máa ń rí àṣìṣe tí ojú àwọn yòókù fò. Àyà Olúyẹ́misí já. Bóyá ọkùnrin náà ti bínú kúrò! Bí ò bá sí i, ta ni yóò yẹ iṣẹ́ wọn wò? Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó.

Oyèlékè fi fóònù rẹ̀ hàn án, ògbólógbòó tí ojú rẹ̀ ti sán. Ibi tuntun náà ń yí ṣáá, kò ṣí.

“Ṣùgbọ́n sà, ẹ ò sọ nígbà ìbò!”

“Níbo ni mi ò bá ti sọ ọ́, Yẹ́misí? Inú yàrá tí mi ò rí wọ̀ lẹ ti ń dìbò.”

Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n Olúyẹ́misí kì í pẹ́ nínú ìtìjú. Ó fa àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dán ibòmíràn wò lórí fóònù náà. Èkíní kọ̀. Ìkejì ń jẹ dátà bí ẹní jẹ ẹ̀pà, lọ́dún tí dátà wọ́n bí ojú! Ìkẹta ò ní àwòrán, ò ní ọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni. Kí Oyèlékè tó wúkọ́ tán, ó ti ṣí.

“Ó ṣí o!” Igbe àwọn méjèèjì ló gbé aládùúgbò jáde.

Lójú ẹsẹ̀, Olúyẹ́misí pe gbogbo ẹgbẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Oyèlékè rọra ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àṣìṣe wà nínú bí ètò wa ṣe ń ṣírò máàkì tẹ́ẹ̀mù kẹta. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti rí i.”